Ìdíje Mọ́tò Méjì Lọ́jọ́ Kan Ṣoṣo

Ọkọ mi ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, mo sì máa dé orí tiwọn, ṣùgbọ́n òun ló ṣáájú wọn, òun náà ló sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Wọ́n fẹ́ràn bàbá wọn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí ojú mi rí kí n tó kú.

Onitsha là ń gbé nígbà náà. Ogun ti parí, owó epo rọ̀bì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Gbogbo ìlú ló ń kọ́lé. Ilé tí a háyà yàrá méjì nínú rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Ochanja. Ojú ọta ìbọn ṣì wà lára ògiri iwájú rẹ̀. Onílé ti fi sìmẹ́ǹtì dí àwọn tó wà lápá ọ̀tún, ó fi tòsì sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ òun máa rí i. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá tí èmi àti àwọn ọmọ ń sùn, ògiri ilé kejì ló sì dojú kọ. Tí mo bá ṣí i, tí mo na ọwọ́, ọwọ́ mi á kan ògiri náà. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi wo ògiri yẹn.

Ẹ̀yà mọ́tò ni ọkọ mi ń tà. Àwa ará ìwọ̀-oòrùn pọ̀ ní Onitsha, oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ wa, àwọn mìíràn ń ránṣọ, àwọn mìíràn ń dirí. A ń sọ Yorùbá nínú ilé, a ń sọ Píjìnì lójú títì. Èmi gbọ́ Ìgbò dáadáa nítorí pé tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọmọ kékeré kì í sì í fi Píjìnì sunkún. Baba Ìbejì ni mò ń pe ọkọ mi, Ìyá Ìbejì ni òun ń pè mí. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Mama Ejima, ohun kan náà ni ní èdè wọn.

Nígbà tí àwọn ìbejì pé ọdún mẹ́ta, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Gíréèdì Tuù ni ìwé-ẹ̀rí tí mo ní, mo sì fẹ́ lọ sí yunifásítì. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kàwé nínú ilé ìdáná, mo máa ń so ìwé mọ́ ìṣó lókè ibi tí a ti ń fọ abọ́, kí n lè máa kà á bí mo ṣe ń fọ̀. Mo jókòó fún ìdánwò, mo yege. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n wá rí wọn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí n mú ojúlówó ìwé-ẹ̀rí mi lọ́wọ́. Wọ́n fi kún un pé ẹni tí kò bá yọjú, àwọn á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ka ìlà yẹn títí tí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Ọkọ mi náà ka lẹ́tà náà. Ó dá a padà sínú àpò-ìwé rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní, "Ó dáa. Èmi fúnra mi ni màá mú ọ kọjá afárá, màá fi ọ́ sínú ọkọ̀ ní Asaba." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ohun tó gbà á lọ́kàn ní gbogbo àsìkò yẹn ni eré ìje mọ́tò. Owó epo ló dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn ní gbogbo àsìkò ogun ti ń ra mọ́tò, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ti ta ló yára jù. Ọkọ mi ní ọkọ̀ ìjàpá kan tó kó jọ láti ara mẹ́ta tí ogun bàjẹ́: ẹ́ńjìnnì ti ọ̀kan, ilẹ̀kùn ti ìkejì, àti ara ìkẹta. Ó ti yọ àga ẹ̀yìn jù nù kó lè fúyẹ́. Àwọn ọmọ mi ń jókòó lórí irin. Èmi ni mò ń bá a di aago mú nígbà tó bá ń dánra wò, mo máa ń dúró lẹ́bàá títì bí òpó, màá máa kọ ìṣẹ́jú sínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé mi.

Ìdíje ńlá méjì ló ń bọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Onitsha ló ń ṣe ọ̀kan. Ìgbòrò ni wọ́n ti máa gbéra, wọ́n á sáré lójú ọ̀nà Owerri títí dé ìlú Oba, wọ́n á sì sá padà. Àwọn onímọ́tò akérò, tí èyí tó pọ̀ nínú wọn wá láti ìwọ̀-oòrùn bíi tiwa, ló ń ṣe ìkejì lódì kejì odò. Ojú ọ̀nà Asaba sí Benin ni tiwọn, orí afárá Odò Ọya ni wọ́n sì ti máa parí rẹ̀, nítorí náà wọ́n ti gbàṣẹ pé kí wọ́n ti afárá pa láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí awakọ̀ tí kò fẹ́ sá méjèèjì. Ọkọ mi wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì.

Àwọn onímọ́tò ti mú ọjọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú Mọ́ńdè tèmi. Wọ́n sọ fún ọkọ mi pé, "Lọ bi àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò léèrè ọjọ́ tiwọn. Bó bá jẹ́ Sọ́ńdè náà ni wọ́n mú, àwa á sún tiwa sí Sátidé. Àwa ò fẹ́ ìjà." Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé kan, àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ṣèpàdé nínú kíláàsì mi, torí pé èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní kí n bá wọn kọ àkọsílẹ̀. Ọkọ mi wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn onímọ́tò. Alága wọn, ọkùnrin Ìgbò kan tó sanra tó sì máa ń rẹ́rìn-ín, dìde, ó ní ọjọ́ ọjà ni àwọn ń fẹ́ kí èrò lè pọ̀. Òní ni Nkwọ, ọ̀kan nínú ọjọ́ ọjà mẹ́rin àwọn Ìgbò. Ọjọ́ mẹ́jọ sí òní, Nkwọ ńlá, ni àwọn máa sáré. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ mẹ́jọ.

Mo gbójú sókè, mo rí i tí ọkọ mi ń ka ìka lábẹ́ tábìlì.

Ẹni tó bá ti bá Yorùbá àti Ìgbò gbé á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní tiwa, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Sátidé sí Sátidé, ọjọ́ mẹ́jọ ni lẹ́nu wa. Ní tiwọn, òní kò sí nínú kíkà. Nkwọ máa ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Nkwọ ńlá lẹ́yìn mẹ́jọ, Sátidé yẹn sí Nkwọ ńlá sì máa bọ́ sí Sọ́ńdè. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé ni mo sọ fún un.

"Baba Ìbejì, Sọ́ńdè ni wọ́n ń sọ o. Ẹ tètè sọ fún àwọn onímọ́tò kí wọ́n sún tiwọn."

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n dá?"

"Mẹ́jọ."

Ó dúró láàárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi. "Sátidé òní, ọ̀kan. Sọ́ńdè, èjì. Mọ́ńdè, ẹ̀ta." Ó kà á títí. "Sátidé, ẹ̀jọ. Àbí àwọn tíṣà ní ẹ̀jọ tiwọn lọ́tọ̀ ni?"

"Wọn kì í ka òní mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, ìsán là ń pè é nílé wa. Ẹ̀yin náà mọ ọjà ìsán. Ẹ kàn padà lọ bi alága."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, ẹ̀rín tí kì í dé ojú. "Ẹ ò rí nǹkan! Kò tíì wọ yunifásítì, ó ti ń kọ́ mi ní ìka ọwọ́ ara mi. Tó bá wá wọ̀ ọ́ ńkọ́? Ṣé o máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹun ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ló lọ sọ fún àwọn onímọ́tò pé Sátidé ni ti àwọn ará ibí, kí tiwọn dúró ní Sọ́ńdè bó ṣe wà.

Ètò tó wá ṣe fún mi rèé: ní Sátidé, màá bá a di aago mú ní ìdíje Oba. Ní ìdájí Sọ́ńdè, bó ṣe ń lọ sí ìdíje kejì, á gbé mi kọjá afárá kí wọ́n tó tì í, á fi mí sínú ọkọ̀ Ìbàdàn. Mo gbà. Ta ni mo fẹ́ bá jiyàn? Nígbà yẹn, obìnrin tó bá fi ilé ọkọ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, kó má padà wá ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ìyá onílé wa jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Arúgbó ni, ogun ti gba ilé rẹ̀ tó wà létí odò, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Ó pè mí. "Mama Ejima, òní ni Nkwọ kékeré. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń bọ̀ láti abúlé nítorí eré mọ́tò. Wọ́n máa dé ní Sátidé, wọ́n á sùn, wọ́n á wò ó ní Sọ́ńdè." Mo ní kó tún un sọ. Ó wò mí bíi pé mo ti ń ya wèrè. "Sọ́ńdè, nne. Ìgbà wo tún ni Nkwọ ńlá?"

Mo sáré wọlé. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà wà níbẹ̀. Ìyá Aránṣọ ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ochanja, ó sì ń wọn aṣọ eré ìje lára àbúrò rẹ̀. Méjì ló ń rán fún un, pupa fún Sátidé, búlúù fún Sọ́ńdè. Mo sọ ohun tí ìyá onílé wí.

Ìyá Aránṣọ fi eyín mú abẹ́rẹ́, ó sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. "Ìyàwó, ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ fún ọkùnrin ilé pé kò mọ Sátidé yàtọ̀ sí Sọ́ńdè?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi. Ìyá onílé ló wí."

"Ìyá onílé tí kò mọ ọjọ́ orí ara rẹ̀." Ó fa owú já. "Ìwé yìí ló ń gùn ọ́. Obìnrin tó ti bí ìbejì, kí ló tún ń wá nílé ìwé? Dúró dáadáa, àbúrò mi, kí n má gún ọ."

Ọkọ mi kàn dúró, ó na apá méjèèjì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ ògiri, ojú rẹ̀ wà lára mi. Mo rò nígbà náà pé ìbínú ló wà nínú ojú yẹn.

Ọjọ́ kejì, mo dé ilé alága àwọn onímọ́tò. Ẹni wa ni, ará ìlú wa, ó sì jẹ́ ẹni tí mo ti bá kọ lẹ́tà fún ọmọ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láìgba ohunkóhun. Orí àga gbọọrọ ló wà, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀. Mo ṣàlàyé Nkwọ fún un, mo ṣàlàyé ìsán, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sún tiwọn sí Sátidé bó ṣe sọ tẹ́lẹ̀.

Ó gé ọ̀kan tán kó tó dáhùn. "Ìyá Ìbejì, ṣé Baba Ìbejì ló rán yín?"

"Rárá, sà."

"Ó mọ̀ pé ẹ wà níbí?"

"Rárá, sà."

"Háà." Ó mú ẹsẹ̀ kejì. "Mi ò lè fi ẹnu obìnrin da ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ nù. Tí mo bá ṣe é lónìí, ìyàwó tèmi á ṣe é lọ́la. Ẹ máa lọ sílé, ẹ kí àwọn ọmọ."

Ká ní ó dúró níbẹ̀, ǹ bá ti dárí jì í. Àmọ́ kí n tó délé, ó ti ránṣẹ́ sí ọkọ mi pé ìyàwó rẹ̀ ń rìn kiri. Ó ti kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jẹ ìrẹsì wọn, mi ò sì sunkún.

Ọkọ mi ò nà mí. Kò tiẹ̀ pariwo. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tó ti mọ́sáláṣí dé, ó bá mi nínú yàrá tí mo ti ń di báàgì. Lẹ́tà, ìwé-ẹ̀rí mi gbogbo, ìró méjì àti bàtà kan ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Gbé e wá kí n fi sínú bùútù, kó má di pé a gbàgbé rẹ̀ ní ìdájí Sọ́ńdè." Ohùn rẹ̀ tútù bí omi àmù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e fún un. Mo tẹ̀ lé e jáde, mo wò ó bó ṣe ṣí bùútù, tí ó wà níwájú ọkọ̀ bíi ti gbogbo ìjàpá, mo wò ó bó ṣe fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Ní àárọ̀ Sátidé, a dé ibi tí wọ́n ti máa gbéra. Òun nínú aṣọ pupa, èmi pẹ̀lú aago. Kò sí ẹnì kankan. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ewúrẹ́ méjì sùn sójú títì gan-an níbi tí ó yẹ kí mọ́tò ogún dúró sí.

"Wọ́n ti sún un," ni ọkọ mi wí.

"Ọ̀la ni, Baba Ìbejì. Ọ̀la ni látilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní báàgì mi, kí n kọjá lónìí. Afárá ṣì wà ní ṣíṣí. Mo lè dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. "O gbọ́ ariwo yẹn? Nǹkan kan ti tú níbẹ̀. Mo fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Oba."

"Báàgì mi ńkọ́?"

"Ṣé màá jẹ báàgì ni? Lọ sílé, lọ wo àwọn ọmọ. Mò ń bọ̀ báyìí."

Ó wa ọkọ̀ náà lọ. Mo dúró pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí a fi jẹun alẹ́ tán. Ìgbà yẹn ló dé, lórí alùpùpù ẹlòmíràn. Ó ní mẹkáníìkì ò tíì parí, ọkọ̀ náà máa sùn sí Oba, òun á lọ gbé e kí ojúmọ́ tó mọ́. "Ìwọ ṣá lọ dúró sí ẹsẹ̀ afárá ní aago mẹ́fà. Màá bá ọ níbẹ̀."

Aago mẹ́fà kò tíì lù tí mo ti wà níbẹ̀. Mo wọ ìró àti bùbá tí mo fẹ́ wọ̀ jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò mú nǹkan kan lọ́wọ́ ju pọ́ọ̀sì kékeré. Àwọn mọ́tò onídìje ń kọjá lọ sí Asaba lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti kun nọ́ńbà sí ilẹ̀kùn wọn, mo sì ń wo ojú awakọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní aago méje, àwọn ṣọ́jà yí àgbá síwájú afárá. Mo bẹ ọ̀kan nínú wọn.

"Oga, abeg, my husband dey come."

"Madam, road don close."

"Make I waka with leg."

"Nobody dey waka. Motor go fly for there." Ó wò mí látòkè délẹ̀, àánú ṣe é díẹ̀. "Which side your husband dey sef?"

Mi ò mọ̀. Ohun tí mo fi dá a lóhùn nìyẹn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Àti pé bí mo bá tilẹ̀ kọjá, bí mo bá rí ọlọ́kọ̀ ojú omi tó gbé mi, kí ni mo fẹ́ fi han àwọn ará Ìbàdàn? Ojúlówó ìwé-ẹ̀rí mi wà nínú bùútù ìjàpá ní Oba.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Ariwo ẹ́ńjìnnì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti apá ọ̀nà Owerri, àti igbe àwọn èrò. Kò pẹ́ tí òmíràn tún fi dìde níwájú mi, lódì kejì odò. Ìdíje méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró láàárín wọn. Ọ̀nà ẹ̀yìn mi wà ní títì, ọ̀nà iwájú mi wà ní títì, odò ń ṣàn lọ ní tirẹ̀ lábẹ́ afárá tó ṣófo. Àwọn èèyàn ń sáré kọjá mi, wọn ò mọ èyí tí wọ́n fẹ́ lọ wò. Ọkùnrin kan tó mọ̀ mí kígbe, ó ń rẹ́rìn-ín, "Mama Ejima! Ọkọ yín wà ní ipò kejì lójú ọ̀nà Oba! Pupa ló wọ̀!"

Mo jókòó sórí òkúta. Mo jókòó níbẹ̀ títí oòrùn fi yí sí iwájú mi.

Àlàyé tó ṣe nígbà tó dé ni pé wọ́n ti dí ọ̀nà kí òun tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kò sí bí òun ṣe lè wọ ìgbòrò àfi kí òun bá wọn sáré wọ̀ ọ́. Ipò kẹta ló gbà nígbẹ̀yìn. Fáànù orí tábìlì ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ.

Mo gba báàgì mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní ìdájí Mọ́ńdè. Ó fọ́ táyà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo dé Ìbàdàn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, akọ̀wé kan ń ti fèrèsé. Ó wo lẹ́tà mi. Ó ní, "Ẹ̀yin rèé? Ẹ̀ẹ̀mẹta la pè yín láàárọ̀." Kò fi ẹ̀gàn sọ ọ́. Ó bu omi fún mi mu. Òun nìkan ni kò ṣẹ̀ mí nínú gbogbo ìtàn yìí.

Nígbà tí mo padà, ìjà ti dé láàárín àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì. Ìdajì àwọn awakọ̀ ló pàdánù eré kan tàbí èkejì, àwọn èrò sì ti pín sí méjì. Àwọn tiwa ní àwọn Ìgbò ló dalẹ̀. Àwọn Ìgbò ní àwọn tiwa ò fẹ́ kí ti àwọn kẹ́sẹ járí. Wọ́n pe ìpàdé láti parí rẹ̀, inú kíláàsì mi náà ni. Alága onímọ́tò, ẹni tó ń gé èékánná lọ́jọ́sí, dìde, ó ní òun ti wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ó nàka sí mi. "Àkọsílẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún obìnrin ní gègé, ó kọ ọjọ́ mẹ́jọ, kò kọ Sátidé, kò kọ Sọ́ńdè." Gbogbo wọn mi orí. Ó tẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́rùn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Mo wo ọkọ mi. Ó jókòó sí ìlà kẹta, lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ń wo pátákó ìkọ̀wé.

Mo tún kọ̀wé sí wọn ní ọdún kejì. Kí èsì tó dé, oyún ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn. Lẹ́yìn náà, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Àwọn ọmọdébìnrin tí mo kọ́ ní ABD padà wá láti yunifásítì, wọ́n di ọ̀gá lórí mi, wọ́n sì ń pè mí ní "Mà" bí ẹni tó ń tu arúgbó lójú. A kúrò nínú ilé olójú ọta ìbọn, a kọ́ tiwa. Mo ní fèrèsé mẹ́fà níbẹ̀. Mi ò rí ibi tí mo fẹ́ wò lójú ìkankan.

Ní ìgbà ogbó rẹ̀, àìsàn rọpárọsẹ̀ dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Ọ̀tún rẹ̀ kú pátá, ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ṣe é gbọ́. Ìyá Aránṣọ ti kú nígbà náà. Àwọn ọmọ wà ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń yí i lórí ibùsùn kí ara rẹ̀ má bàa dá egbò, èmi ni mò ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ. Ọdún karùn-ún rèé lórí ìyẹn nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wá kí wa. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń ráhùn. Ìdíje mọ́tò ńláńlá méjì ní ilẹ̀ òkèèrè, ó ní, Sọ́ńdè kan náà ni wọ́n fi méjèèjì sí, kò sì mọ èyí tí òun máa wò. "Ta ló tiẹ̀ ń mú ọjọ́ fún àwọn èèyàn yìí? Ṣé wọn ò lè kà ni?"

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀kọ ń dà sí i láyà. Ọmọ mi rò pé ọ̀rọ̀ òun ló pa á lẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ gba fóònù.

Mo nu àyà rẹ̀. Mo tún bu ẹ̀kọ sínú ṣíbí, ṣùgbọ́n mi ò gbé e sí i lẹ́nu. Ogójì ọdún ó lé ni mi ò fi bi í ní ìbéèrè kan, nítorí mo ti rò pé mo mọ èsì: ọkùnrin olóríkunkun tó kà á ṣì, tí ojú ń tì láti gbà. Mo ní, "Baba Ìbejì, ọjọ́ wo ni ẹ gbà pé Sọ́ńdè ni ìdíje Oba?"

Ó wo ṣíbí, ó wò mí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó rọra sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, kí n lè gbọ́ gbogbo rẹ̀:

"Ọjọ́ Wẹ́sìdé yẹn náà ni mo ti mọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọn apá aṣọ mi tán. Ká ní mo sọ ọ́ jáde, àwọn onímọ́tò ì bá sún tiwọn, wàá sì lọ. Ìyá Ìbejì, ká ní o lọ, ta ni ì bá máa fún mi lẹ́kọ báyìí?"